Sítọ̀ kòkó àtijọ́ lójú ọ̀nà Ìsẹ̀ sí Emùré: ṣé ó ṣeé sọ di ilé gbígbé?

ỌmọEmùré:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ilé. Sítọ̀ kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀ la fẹ́ máa gbé. Ògiri amọ̀ ni, ó nípọn tó íńṣì 12, símẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, ó fẹ̀ ní 18. Ilẹ̀ lásán ni ilẹ̀ rẹ̀. Páànù ti dípẹtà, símẹ́ǹtì ara ògiri sì ń wú nísàlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan ló ní, fèrèsé rẹ̀ ò ju ihò kékeré méjì lọ. Yàrá méjì, pálọ̀, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ la fẹ́. Kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Bíríkìlàgbà:
Ó ṣeé ṣe bí ògiri bá ṣì dúró ṣánṣán. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ jẹ́ kó rọ̀ láti òkè ògiri. Ibi tí ògiri bá ti fì ju íńṣì kan lọ, ẹ pe ẹnjiníà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ibi tó bá sán tó sì hàn nínú àti níta, ẹ lẹ símẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kọ déètì sí i. Bí símẹ́ǹtì yẹn bá tún sán lẹ́yìn òjò, ìpìlẹ̀ ṣì ń rìn nìyẹn.

Símẹ́ǹtì tó ń wú yẹn, ẹ ṣí i kúrò. Omi tó gba ìsàlẹ̀ wọnú amọ̀ kì í rọ́nà jáde, ni amọ̀ á bá máa rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀kọ. Iyẹ̀pẹ̀ pupa àti yanrìn ni kẹ́ ẹ fi rẹ́ ẹ padà, òṣùwọ̀n símẹ́ǹtì kan sí 12. Ẹni tó bá ní kí símẹ́ǹtì pọ̀ sí i kó lè le, ọjà ló ń tà.

Fèrèsé gan-an ló máa ń wó irú ilé yìí. Ẹ má gé e sún mọ́ igun ilé ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, kó má sì fẹ̀ ju mẹ́rin lọ. Líńtẹ̀lì, ìyẹn ọ̀pá kọnkéré tó ń gbé ògiri orí fèrèsé dúró, méjì-méjì lẹ máa dà sílẹ̀ fún fèrèsé kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íńṣì 6, kó ga ní 9: irin mílímítà 12 méjì nísàlẹ̀, mílímítà 10 méjì lókè. Ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7, kó pé ọjọ́ 14 kẹ́ ẹ tó gbé e. Ẹ wá fi igi gbé òrùlé dúró, ẹ gé àyè líńtẹ̀lì wọ ìdajì ìnípọn ògiri láti ìta, ẹ ti líńtẹ̀lì kìíní bọ̀ ọ́, kó gùn lé ògiri ní íńṣì 9 lọ́tùn-ún lósì, ẹ dí i pa. Ìgbà tó bá gbẹ lẹ máa tó gé ti inú fún ìkejì.

Àgbẹ̀Ìjerò:
Ẹ̀gbọ́n ti yanjú ògiri, ilẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé wọ́n ń kó oògùn kòkó síbẹ̀? Lindane ló wà nínú Gammalin 20 tí wọ́n fi ń pa kòkòrò láyé ọjọ́un. Ní 2009 ni wọ́n fi lindane kún oògùn tí àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí oògùn olóró, ní kí ayé jáwọ́ nínú rẹ̀, torí pé kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀. Ẹ wá àbàwọ́n tó dà bí aró tó pò mọ́ àwọ̀ ewé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń po oògùn àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú.

ỌmọEmùré:
Ó wà níbẹ̀ o, nígun lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà. Ṣé ká yọ gbogbo ilẹ̀ ni? Balùwẹ̀ ńkọ́?

Àgbẹ̀Ìjerò:
Igun yẹn, ẹ wà á ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ wọ́n omi sí i kó má kù. Ẹ bi ọ́fíìsì tó ń rí sí àyíká ibi tí wọ́n máa dà á sí; kò gbọdọ̀ dé oko tàbí etí omi. Ẹ sì ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín dáadáa, torí iyẹ̀pẹ̀ inú ilé yẹn gan-an ni wọ́n máa fẹ́ pò rẹ́ ògiri.

Bíríkìlàgbà:
Ìpìlẹ̀ ilé amọ̀ kì í jìn. Tẹ́ ẹ bá ti sún mọ́ ògiri, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta-mẹ́ta ní gígùn ni kẹ́ ẹ máa wà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dí i kẹ́ ẹ tó bọ́ sí èyí tó kàn. Lẹ́yìn náà, òkúta, ọ̀rá dúdú tó nípọn, kọnkéré íńṣì 4 tí wọ́n pò ní 1-2-4 (símẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin). Á gbà tó àpò símẹ́ǹtì 45. Kí ilẹ̀ ìta fi íńṣì 6 relẹ̀ ju ti inú lọ.

Balùwẹ̀ àti ilé ìdáná, ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ wọn sẹ́yìn lórí ìpìlẹ̀ tiwọn, kẹ́ ẹ fi àlàfo íńṣì kan sílẹ̀ láàárín wọn àti ògiri amọ̀. Wọn ò ní rì bákan náà. Tẹ́ ẹ bá so wọ́n pọ̀, ọ̀kan á fa èkejì ya. Kí sókawéè, ihò tó ń gba omi ìdọ̀tí, jìnnà sí kànga tó mítà 30.

AmòfinÀdó:
Ṣé ilẹ̀ ẹbí ni? Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí ìwé kẹ́ ẹ tó ra símẹ́ǹtì kan. Kẹ́ ẹ wá gba sọ́fè, kẹ́ ẹ gbé àwòrán ilé lọ gba àṣẹ àtisọ ọ́ di ilé gbígbé. Lábẹ́ Òfin Ilẹ̀ ti 1978, ìjọba ìbílẹ̀ lè fún yín níwèé ilẹ̀ ìgbèríko fún ilé gbígbé, kì í ṣe fún oko nìkan.