Níbo ni a ti rí "fín" tí a ń so mọ́ ìdí àgbọ̀nrín?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa o.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ká mi lára. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọmọ wa kan tó ń gbé lẹ́yìn Ọbáńtokò ní Abẹ́òkúta, lápá ọ̀nà Alábàtà, fojú gán-án-ní ẹran ìgbẹ́ kan nírọ̀lẹ́, létí oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ògiri ilé wọn. Ó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí wa, ó sì béèrè orúkọ tí Yorùbá ń pe irú ẹran bẹ́ẹ̀, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, kì í ṣe èyí tí a mọ̀ mọ́ ọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Bùrọ̀dá wa tó jẹ́ olùkọ́ èdè ti sọ ọ́ lórúkọ: "àgbọ̀nrínfín". Àgbọ̀nrín àti àfín, ó parí. Àwọn èèyàn sì ń kan sáárá.

Èmi ò kan sáárá. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohùn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti fọ́. Bùrọ̀dá ní ìpajẹ fáwẹ̀lì lásán ni, ìyẹn ni kí fáwẹ̀lì kan jáde níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé, pé bí ẹyin àti ojú ṣe di ẹyinjú, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbọ̀nrín àti àfín ṣe di tiwọn. Ẹ pe méjèèjì síta kí etí yín gbọ́. Nínú ẹyinjú, fáwẹ̀lì o tó lọ, ohùn àárín ló rù, ohùn àárín ni a sì mọ̀ tó lè lọ láìfi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n à tó wà níwájú àfín, ohùn ìsàlẹ̀ ló rù. Níbo ni ohùn ìsàlẹ̀ yẹn wọlẹ̀ sí? Yorùbá kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ sọnù bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ rí igbá tí a fi ń bu omi, kí ẹ tún sọ pé ẹ rí ìgbá tí a ń ká lóko, kí ẹ wá pa fáwẹ̀lì i jẹ nínú méjèèjì, kí wọ́n di "rígbá". Ti àkọ́kọ́ á dúró sókè ṣánṣán. Ti èkejì á kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè, bẹ́ẹ̀ fáwẹ̀lì ti lọ tipẹ́. Ohùn ló kù, ohùn náà ló sì ń jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe igbá omi ni à ń wí.

Nítorí náà, bí Bùrọ̀dá ṣe kọ ọ́ yìí, pẹ̀lú ohùn òkè méjì tó dúró tì ara wọn tí kò sí nǹkan láàrin wọn, àfín ti kúrò níbẹ̀. "Fín" ló kù. A sì mọ fín. Fín igbá, fín ọ̀pá. Ọmọ tó bá ka "àgbọ̀nrínfín" á rò pé ẹnì kan mú ọ̀bẹ ti ẹran náà ni. Bùrọ̀dá wá kọ̀wé lọ́jọ́ kejì pé inú fín yìí gan-an ni àfín ti ṣẹ̀, pé à- jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí ńkọ́? Ìfín ni a ń pe iṣẹ́ ẹni tó ń fín igbá. Kí ló pa igbá fínfín pọ̀ mọ́ ẹni tí awọ rẹ̀ funfun? Ohun tó bá dọ́gba létí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà dandan.

Ohun kejì ni pé bí a bá ń so "fín" mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ kiri, àfòmọ́ ìparí ni a ń dá sílẹ̀. Yorùbá ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àfòmọ́ àárín, kò ní àfòmọ́ ìparí. Ohun tí àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì fi ọ̀pọ̀ ọdún tò fún wa nínú gírámà, a ò lè torí ẹran kan tó yọjú nínú ẹ̀gẹ́ tú u ká. Bí a bá gba èyí láyè, ajáfín ń bọ̀, ewúrẹ́fín ń bọ̀.

Bó bá tilẹ̀ di dandan kí àfín wọ̀ ọ́, iwájú ló yẹ kó dúró: akọ àgbọ̀nrín, abo àgbọ̀nrín, òkú àgbọ̀nrín, àfín àgbọ̀nrín. Àǹtí wa ní Àṣerò ti takò mí lórí èyí. Wọ́n ní a ń sọ pé adìẹ òpìpì, pé orúkọ ẹran ló ṣáájú, irú tó jẹ́ ló tẹ̀ lé e. Àpẹẹrẹ wọn dára. Ṣùgbọ́n òpìpì, kò sí ẹ̀dá mìíràn tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ju adìẹ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ èèyàn ni a kọ́kọ́ ń pè ní àfín, ẹni òòṣà, ẹni Ọbàtálá. Wọn ò tíì fèsì.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ẹran náà fúnra rẹ̀, nítorí kò dà bíi pé ọ̀pọ̀ nínú wa ṣí àwòrán yẹn dáadáa. Mo fẹ̀ ẹ́ sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ṣá, kì í ṣe funfun báláú. Ní ìsàlẹ̀ orúnkún, irun pupa rúsúrúsú ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó dorí kọ ẹni tó ń ya àwòrán, ó na etí méjèèjì síwájú, ẹsẹ̀ iwájú kan ò kanlẹ̀. Imú rẹ̀ dúdú. Ojú rẹ̀ dúdú. Ẹ tún un wò: dúdú.

Àfín kì í ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fún awọ, irun àti ojú láwọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní melanin, ara ẹranko tó jẹ́ àfín kì í pèsè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi máa ń pọ́n. Oríṣi kejì wà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àwọ̀ náà ni kò dé gbogbo ara. Irun á funfun tàbí á ṣá, níbì kan tàbí níbi gbogbo, ojú á sì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Irú èyí ni ọmọ wa rí. Ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà náà ti sọ ohun tó jọ ọ́ fún wa: ibùdó àwọn ológun kan tí wọ́n ń pè ní Seneca, ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n sọgbà yí ká ní 1941, tí àgbọ̀nrín funfun pọ̀ sí nínú ọgbà náà. Irun wọn funfun, ojú wọn ò pọ́n. Wọn kì í ṣe àfín. Nítorí náà, "àgbọ̀nrínfín" ṣi gírámà, ó sì tún pa irọ́ mọ́ ẹran.

Àwọn kan wá ní ká pè é ní àgbọ̀nrín alámì, pé alámì àti abilà wà nínú Jẹ́nẹ́sísì, nínú ọ̀rọ̀ Jákọ́bù àti ẹran Lábánì. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ fún wa? Àgbọ̀nrín ilẹ̀ wa ti lámì tẹ́lẹ̀! Ara pupa, ilà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, tóótòòtó funfun ní itan. Alámì lèyí tí a rí lójoojúmọ́. Ti Ọbáńtokò yìí gan-an ni àmì ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Bàbá mi ọdẹ ni, lápá Ọ̀dẹ̀dá. Mi ò ní oyè ọ̀mọ̀wé tí Bùrọ̀dá ń kọ sábẹ́ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n mo jókòó ti àwọn àgbà ọdẹ. Bí ọ̀dọ́ kan bá dé ìsọ̀ ẹlẹ́mu pé òun rí ẹran abàmì, wọn ò ní sọ ọ́ lórúkọ. Ìbéèrè ni wọn á fi bò ó. Ó níwo àbí kò níwo? Ó dá rìn ni, àbí wọ́n pọ̀? Nígbà tó ń sá, ó gbé ìrù sókè, ṣé o rí funfun abẹ́ rẹ̀? Pátákò rẹ̀ ńkọ́ nínú ẹrọ̀fọ̀? Tí ìbéèrè bá fi máa tán, gbogbo ìsọ̀ ti mọ ẹran tó jẹ́, wọn á wá ki í. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn ti lọ tán. Ó ń dùn mí pé nínú gbogbo lẹ́tà tí a ti kọ lórí ẹran yìí, kò sí ẹni tó bi ọmọ náà ní ọ̀kan ṣoṣo nínú ìbéèrè wọ̀nyí.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ "etu" nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, láìsí àmì ohùn, ni ẹnì kan bá ń bá a sọ̀rọ̀ ẹyẹ. Ẹtu ni ẹran, ẹtù ni ẹyẹ, ẹ̀tù ni ọdẹ ń rọ sínú ìbọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi àmì sí i. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Kò yẹ kí ọmọ ìlú náà máa kọ Yorùbá láìlámì. Kì í sì í ṣe ẹtu ni: ẹtu kò ga ju orúnkún lọ, eléyìí sì yọ èjìká lára ẹ̀gẹ́.

Ohun tí mo rò ni pé kí a pè é ní àgbọ̀nrín sányán. Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ rántí sányán tí bàbá yín wọ̀ ní ọjọ́ ìnáwó, kó tó di pé gbogbo ayé ń wọ léèsì: funfun tí àwọ̀ ilẹ̀ fara hàn nínú rẹ̀. Kò sí fáwẹ̀lì tí a pa jẹ, kò sí ohùn tó sọnù, ìyá àgbà tó wà ní Ìtòkú á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ ẹtù gba orúkọ rẹ̀ lára ẹyẹ. Kò burú bí ẹran náà bá gba orúkọ lára aṣọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí Bùrọ̀dá jù sílẹ̀ tí wọ́n sì bá tiwọn lọ, pé àgbọ̀nrín tòótọ́ ni ti Amẹ́ríkà tí òyìnbó ń pè ní deer, pé tiwa ìgalà ni, nítorí pé Sáàmù 42 pe irú ẹran òkè òkun yẹn ní àgbọ̀nrín. Ìwo ti Amẹ́ríkà ń já lọ́dọọdún, òmíràn á hù. Ìwo tiwa kì í já títí ẹran á fi kú. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, apá àríwá nìkan, níhà Àlùjíríà àti Tùnísíà, ni irú tiwọn yẹn ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tó jáde lódindi ní 1884 ló yá orúkọ ẹran wa fún ẹran àwọn Hébérù, nítorí wọn ò ní òmíràn. Ẹni tó yá ni lẹ́wù kò sọ pé kí á gba ẹ̀wù náà lọ́rùn òun. Tiwa ni àgbọ̀nrín. Ti pé ìgalà àti àgbọ̀nrín jẹ́ ọ̀kan náà tàbí méjì, bàbá mi ní méjì ni, n ò sì ní gbà fún ẹnikẹ́ni tí kò wọ igbó rí.

Kí ọmọ wa dákun sọ fún wa bóyá ẹran náà níwo. Kí Bùrọ̀dá náà sọ ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ yẹn wà. Mo ń retí wọn.