Omi tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó: ṣé ẹ̀rọ amúmirọ̀ ló yẹ kí n rà?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Omi kànga ẹ̀rọ tí à ń lò nílé wa mọ́ gaara, kò sì rùn, ṣùgbọ́n tí a bá fi wẹ̀, ọṣẹ kì í hó dáadáa, bí a sì ti wulẹ̀ ṣan ara tó, ńṣe ló máa ń dà bíi pé nǹkan kan ṣì lẹ̀ mọ́ wa lára. Aṣọ ìnura ti le gbagidi. Lánàá, mo yẹ inú kẹ́tù wò: èépá funfun bí ẹfun ti bo irin tó ń mú omi gbóná, nígbà tí mo sì fi èékánná họ ọ́, ó ń ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ẹnì kan ní kí n ra ẹ̀rọ amúmirọ̀, ẹlòmíràn ní kí n kàn máa se omi. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé omi yìí kò sì ní pa àwọn ọmọ lára?

Èsì kìíní

Ẹ fọkàn balẹ̀ ní ti àwọn ọmọ. Omi líle ni ẹ ń lò. Bí omi òjò ṣe ń gba inú ilẹ̀ àti òkúta ẹfun kọjá ló ń kó kálísíọ́ọ̀mù àti magnẹ́síọ́ọ̀mù mọ́ra, ara wa sì nílò èròjà méjèèjì. Ohun èlò ilé ni omi líle ń bá jà.

Kálísíọ́ọ̀mù a máa so mọ́ ọṣẹ, wọn a sì jọ di ìdọ̀tí funfun tí kì í yọ́ nínú omi, èyí tí ẹ ń rí lára aṣọ àti ní etí báàfù. Ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún yín. Ní ti omi sísè, apá kan líle omi ni iná ń mú kúrò, ìyẹn èyí tó bá èròjà tí wọ́n ń pè ní báíkábónéètì wá. Èyí tó bá èròjà mìíràn, sọ́fééètì, wá kì í gbọ́ ti iná rárá. Èépá tí ẹ bá nínú kẹ́tù gan-an ni ohun tí sísè yọ kúrò. Ta ni yóò wá máa se omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ gbogbo ilé?

Èsì kejì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra ohunkóhun títí ẹ ó fi wọn omi yín. Ìwé ìdánwò tí a ń tì bọ omi yóò fi hàn yín. Tí a bá ṣírò ó bíi kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì (irú èròjà tó di èépá inú kẹ́tù yẹn), omi tí kò ju mílígíráàmù 60 lọ nínú lítà kan ni omi rírọ̀. Láti 61 sí 120, ó ti ń le díẹ̀. Láti 121 sí 180, omi líle ni. Èyí tó bá ju 180 lọ le gan-an, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ti máa ń wúlò jù.

Àwọn wóró rẹ́sìnì bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹ̀rọ náà, sódíọ́ọ̀mù, èròjà tó wà nínú iyọ̀, ló sì wà lára wọn. Bí omi líle ṣe ń gba àárín wọn kọjá, wọn a gba kálísíọ́ọ̀mù àti magnẹ́síọ́ọ̀mù mú, wọn a sì fi sódíọ́ọ̀mù rọ́pò. Tí wọn kò bá lè gbà mọ́, ẹ̀rọ a fa omi iyọ̀ láti inú àgbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a fi ṣan wọ́n, a sì da èyí tó ṣàn jáde sí gọ́tà. Ẹni tó bá gbàgbé láti máa bu iyọ̀ sí àgbá yẹn, omi líle náà ni yóò tún máa lò.

Èsì kẹta

Ẹ wọn irin tó yọ́ sínú omi náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá mi ṣe tèmi kò béèrè, èmi náà kò sì mọ̀; láìpẹ́, irin ti bo àwọn wóró náà pọ́n bí ìpẹtà, a sì ní láti pààrọ̀ gbogbo wọn. Ó dùn mí gan-an, torí àbàwọ́n pupa ti wà nínú àwo ìfọwọ́ wa tipẹ́. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó ń yọ irin síwájú.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti wọn ọ́n: 310 ni, kò sì sí irin níbẹ̀. Ìyá mi ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru yí, ìdí nìyí tí mo fi ń ro ọ̀rọ̀ sódíọ́ọ̀mù.

Èsì kejì

Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ sọ yẹn. Tí ẹ bá mú 310 náà kúrò pátá, sódíọ́ọ̀mù tí yóò wọlé yóò tó mílígíráàmù 143 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n ya páìpù ilé ìdáná sọ́tọ̀ kí omi tó dé inú ẹ̀rọ, kí omi mímu àti omi ọbẹ̀ wà bó ṣe wà. Omi ìwẹ̀, ìfọṣọ àti ẹ̀rọ amómigbóná ni kí ó gba inú ẹ̀rọ kọjá.

Olùbéèrè

Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe. Ní báyìí ná, mo ti rẹ orí ṣáwà tí èépá dí sínú fínígà mọ́jú. Ó ń yọ ìfófòó wẹ́wẹ́, nígbà tí mo sì dá a padà láàárọ̀, omi ń tú jáde ní gbogbo ihò rẹ̀.