Bí mo ṣe fi limit order ra ìpín lẹ́yìn tí ọjà New York ti tì

Àwọn kan máa ń ní kéèyàn má ra ìpín ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn tí ọjà bá ti tì. Èmi máa ń rà á. Ohun tí kì í jẹ́ kí ọkàn mi dàrú nídìí ẹ̀ ni pé mo ti mọ iye tí mo máa san kí ìròyìn tó jáde.

Aago 9:30 àárọ̀ ni NYSE àti Nasdaq, ọjà ìpín ńlá méjì ní New York, máa ń ṣí, wọ́n á sì tì í ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, ní àkókò New York. Láti aago 4 yẹn títí di aago 8 alẹ́, àwọn ẹ̀rọ tó ń so olùrà mọ́ olùtà ṣì ń ṣiṣẹ́. Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń gbé ìṣirò oṣù mẹ́ta wọn jáde, tó fi jẹ́ pé ìròyìn tó lágbára jù lọ ń dé nígbà tí èrò ọjà ti dín kù.

Ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ọ. Mo ti ka ìṣirò rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, mo mọ èrè tó ń jẹ àti gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, mo sì ti pinnu pé mi ò ní san ju $76 lọ lórí ìpín kan. Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, $84 ni ọjà fi tì. Bí ìṣirò ṣe jáde báyìí, iye bẹ̀rẹ̀ sí í fò: $79, $71, ó tún padà sí $77, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Olùrà tó fẹ́ san jù ń pe $74.10, olùtà tó ń gbà kéré jù ń pe $78.60. Lọ́sàn-án, àlàfo àárín àwọn méjèèjì lórí ìpín yìí kì í ju sẹ́ǹtì díẹ̀ lọ.

Market order ni àṣẹ pé kí alágbàtà bá mi rà á ní iyekíye tó bá bá lọ́jà. Limit order túmọ̀ sí pé kò gbọdọ̀ kọjá iye tí mo dá. Ọ̀pọ̀ alágbàtà kì í gba market order rárá lẹ́yìn aago 4, ohun tó dáa ni wọ́n sì ṣe. Mo béèrè 50 ìpín, mo fi $76 ṣe òpin. Kò pẹ́, 12 wọlé ní $75.90. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà wá ń bá àwọn olùdókòwò sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n bi àwọn ọ̀gá náà nípa oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ̀rù ba àwọn tó ń tà, wọ́n bá rẹ owó sílẹ̀. 20 tún wọlé ní $75.40. $76 ni mo kọ o, ṣùgbọ́n iye tó dín síyẹn ni mo san, torí òpin ni mo fi lélẹ̀. Bí wọ́n ṣe dáhùn ìbéèrè yẹn tán, iye gbéra, kò sì padà sísàlẹ̀ mọ́. Títí aago 8 fi lù, kò sẹ́ni tó ta 18 tó kù fún mi, àṣẹ náà sì parẹ́ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, $81 ni ọjà fi ṣí. Mi ò lé e.

Ẹni tó bá rò pé mo le jù, kó rántí Lyft, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń fi áàpù rẹ̀ pe ọkọ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2024. Nínú ìṣirò tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn tí ọjà tì, wọ́n kọ ọ́ pé ìwọ̀n èrè wọn máa fi 500 basis points (ìyẹn ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún) gbòòrò, nígbà tó jẹ́ pé 50 (ìdajì ìdá kan) ló yẹ kó jẹ́. Òdo kan ṣoṣo ló lé. Ìpín náà fi ohun tó lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè kí ọ̀gá ètò ìnáwó wọn tó tún un ṣe lórí fóònù, ló bá tún já wálẹ̀. Limit order pàápàá kò lè gba ẹni tó bá kàn wo iye ojú áàpù ní ìṣẹ́jú yẹn, tó sì fi ṣe òpin, là.

Àbúrò mi kan kọ limit order tó dáa, iye tó fẹ́ sì dé lálẹ́, àmọ́ wọn ò rà á fún un. Àṣẹ ọ̀sán lásán ló wà. Ó yẹ kéèyàn yan extended hours (àsìkò tó wà lẹ́yìn ti ọjà gangan) lórí áàpù kí àṣẹ tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́yìn aago 4. Òfin Amẹ́ríkà tí kò jẹ́ kí wọ́n fò iye tó dáa jù lọ ní ibùdó míì kọjá, àsìkò ọjà gangan nìkan ló wà fún. Lálẹ́, iye tí ẹ rí lọ́dọ̀ alágbàtà yín lè máà jẹ́ èyí tó dáa jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní ìpín náà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ má gbára lé stop-loss, ìyẹn àṣẹ pé kí wọ́n tà á bí iye bá já dé ibi tẹ́ ẹ dá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìṣirò. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ alágbàtà, kì í ṣiṣẹ́ títí di aago 9:30 àárọ̀ ọjọ́ kejì, iyekíye tí ọjà bá sì fi ṣí ni wọ́n máa fi tà á.