Re: "irinṣẹ́ àfisánmàṣe": kí ni "fi" ń wá níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá, pé kí á máa pe àwọn sọ́fúwià cloud (àwọn tí olówó wọn ń darí látorí íntánẹ́ẹ̀tì; àwọsánmà ni "cloud" lédè Gẹ̀ẹ́sì) tí àwọn oníṣẹ́ VFX, àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà dárà sí àwòrán fíìmù, ń pariwo lé lórí ní "irinṣẹ́ àfisánmàṣe", mo sì rí bí àwọn èèyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò bá wọn pàtẹ́wọ́ o. "Fi" yẹn ò jókòó dáadáa rárá.

Àfọwọ́kọ, ọwọ́ la fi kọ ọ́. Àfẹnusọ, ẹnu la fi sọ ọ́. Ohun tó bá tẹ̀ lé "fi" ni wọ́n lò. Ṣé sánmà wá ni mo fi ń pa okùn rẹ́ lára òṣèré tí wọ́n gbé kọ́ sókè kó lè dà bíi pé ó ń fò? Ẹ ní "fi sí" lẹ ní lọ́kàn, pé fáìlì la fi sí sánmà. Ó dáa, "sí" ọ̀hún wá dà? Àfisílẹ̀ ṣì gbé tiẹ̀ dání. Ká ní fáwẹ́lì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni, ìpajẹ á ṣiṣẹ́ ẹ̀, fi sí àwọsánmà á di fi sáwọsánmà, ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì ló bẹ̀rẹ̀ sánmà, kí lẹ wá fẹ́ pa jẹ? "Àfisísánmàṣe" ló yẹ kó jẹ́, ẹni tó bá lè pè é láìtutọ́ kó dìde.

Ẹ ní ẹ ti ń kọ́ọ̀yàn ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Mo gbà, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí à ń sọ yìí ni mò ń ṣe jẹun ní Soho níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí fáìlì ń sùn ló ń bí àwa oníṣẹ́ nínú, ta ló ni irinṣẹ́ ni ìjà wa. Nígbà CS6, àkójọ sọ́fúwià Adobe tí Photoshop wà nínú ẹ̀, ní 2012, o sanwó lẹ́ẹ̀kan, ó parí, o lè lò ó títí kọ̀ǹpútà ẹ á fi kú. Ní 2013 Adobe ní àwọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́, Creative Cloud nìkan ni ẹ̀dà tuntun á máa wà, owó oṣooṣù. Láti 2016 Autodesk tó ni Maya, sọ́fúwià àwòrán 3D, náà ò ta láìsẹ́ǹsì àìlópin (àṣẹ láti lò ó títí láé) tuntun mọ́. Bí owó ẹ bá dúró báyìí, iṣẹ́ tó o fọwọ́ ara ẹ ṣe lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, o lè má rí i ṣí. Ní oṣù Karùn-ún 2014, èèyàn ò rí àkántì Adobe wọ̀ fún ohun tó ju ọjọ́ kan lọ. Ní 2019 wọ́n kéde pé àwọn á ti àkántì gbogbo oníbàárà tó wà ní Venezuela pa nítorí àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó wá gbàyè tí wọ́n fi yí i padà. Ṣé sánmà ló ṣèyẹn?

Ẹ tún wò ó o: àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá kì í fẹ́ kí kọ̀ǹpútà tí àwòrán wọn wà lórí ẹ̀ fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì, kó má baà jò síta kí fíìmù tó jáde. Sọ́fúwià wá ní òun ò ní ṣí àfi tí òun bá kọ́kọ́ lọ kí ọ̀gá òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ tí a bá bẹ̀rẹ̀ fíìmù kan, ẹ̀dà sọ́fúwià tí a fi bẹ̀rẹ̀ la fi ń parí ẹ̀, a kì í yí i láàárín, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń darí látọ̀nà jíjìn, olówó ẹ̀ lè yí i lóru. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, n ò ní dárúkọ wọn, gbogbo àwọ̀ tí mo ti tò kalẹ̀ yí padà bí mo ṣe dé láàárọ̀.

Àti pé sánmà wo gan-an? Wáyà abẹ́ òkun ni gbogbo ẹ̀ ń gbà. Nígbà tí wọ́n já nítòsí Abidjan ní oṣù Kẹta 2024, tí báńkì pàápàá ò ríṣẹ́ ṣe l'Ékòó, ṣé ẹnikẹ́ni gbójú sókè? Inú omi ni wọ́n wá a lọ.

Ní tèmi, dípò "àfisánmàṣe", "irinṣẹ́ àgbàlò" ni mo fọwọ́ sí, ohun tí a gbà lò tí kì í ṣe tiwa. Àwọn àgbà ti la ọ̀nà ẹ̀ sílẹ̀ fún wa: ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn, bí kò fún un lẹ́sẹ̀ a ṣò ó. Àǹtí tó kọ̀wé láti Ìbàdàn ní "àyálò", ẹ má bínú mà, ọ̀rọ̀ àyálò ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa, ẹni tó sì yá ọ lọ́kọ́ kì í gbowó oṣù lórí ẹ̀. Bàbá ìyá mi tó wa mọ́tò l'Óṣogbo mọ ìyàtọ̀ yìí, "háyà-pọ́ṣéèsì" lòun ń pe tiẹ̀, ó ń sanwó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ fi di tiẹ̀. Ti Adobe ò ní di tìẹ láéláé. Ẹni tó bá máa sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni háyà kó kọ́kọ́ sọ ibi tí sánmà ti wá fún wa, Álífáà ti ní Lárúbáwá ni, àwọn kan ń bú u, èmi ò sí níbẹ̀. Bóyá "awọ" ni àbí "àwọ̀" ló wà nínú àwọsánmà náà, ẹ máa jà á lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní "bọ̀" inú àgbàbọ̀, "bọ̀" ti pípadà ni, kì í ṣe ti wíwọ̀, òun ni kó dá mi lóhùn: ṣòkòtò tí wọ́n ti gbà padà lọ́wọ́ ẹ, báwo ló ṣe tún fẹ́ fún ẹ lẹ́sẹ̀?