APS ni mo ní, èsì tẹ́ẹ̀sì ọmọ wá jáde ní 1 nínú 62, ẹ gbà mí o

Àdùkẹ́_Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá. Oyún ọ̀sẹ̀ 13 ló wà nínú mi, méjì ti bàjẹ́ lára mi ṣáájú, ẹ̀yìn ìkejì ni wọ́n tó rí i pé antiphospholipid syndrome (APS) ni, pé àwọn sójà ara mi ló ń bá mi jà tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì. Mò ń lo àsípírìn, ọkọ mi sì ń fún mi lábẹ́rẹ́ Clexane, heparin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, níkùn lálaalẹ́. Àná ni agbẹ̀bí pè mí, ó ní ó ṣeé ṣe, 1 nínú 62, kí ọmọ ní Down syndrome, àìsàn àbímọ́ni tó máa ń mú kí ọmọ pẹ́ kó tó mọ nǹkan, PAPP-A, èròjà kan tí wọ́n wò nínú ẹ̀jẹ̀ mi, náà kéré. Mi ò tíì sùn. Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ló fà á àbí ọmọ gan-an? Ṣé kí n dá abẹ́rẹ́ yẹn dúró ni?

Nọ́ọ̀sì_Ṣadé:
Ẹ pẹ̀lẹ́ àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá a dúró o, àfi tí dókítà yín bá ní kẹ́ ẹ dá a dúró. Nínú obìnrin 62 tí èsì wọn rí báyìí, ọ̀kan ló máa bí ọmọ tó ní i, 61 ò ní bí i. Látorí 1 nínú 150 ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ti ń pe èèyàn padà. Ibi ọmọ ló ń ṣe PAPP-A, APS sì máa ń yọ ibi ọmọ lẹ́nu, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti wá, àmọ́ tẹ́ẹ̀sì yìí ò lè yà á sọ́tọ̀ fún wa. Ẹ gba NIPT, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ń wo àbùdá ọmọ, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń gba heparin torí nígbà míì kì í jẹ́ kí èsì ẹ̀ jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìdánilójú, wọ́n lè fa omi tó yí ọmọ ká láti ọ̀sẹ̀ 15. Bó ti wù kó rí, ẹ bèèrè skáànù tí wọ́n fi ń wo bí ọmọ ṣe ń dàgbà, torí PAPP-A tó kéré nìkan ti tó ìdí fún un.

Ìyá_Ire:
Àdùkẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ìbàdàn ni tèmi, mẹ́ta ló lọ, àwọn ẹbí ọkọ mi ní àbíkú ni. Dókítà kan ló ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 torí ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Owó abẹ́rẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, àmọ́ Ire ti ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Ikùn ẹ á ti dúdú, àbí? Fi yìnyín sí i díẹ̀ kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, má sì fọwọ́ ra ojú ibi tí wọ́n gún lẹ́yìn náà.

Àdùkẹ́_Lọ́ńdọ̀nù:
Mo ti ń sunkún níbí o. Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé nọ́ọ̀sì. Mo ti pe agbẹ̀bí, Tọ́sìdeè ni wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ NIPT, mo ti sọ̀rọ̀ heparin fún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi ti lọ mú yìnyín wá.