Ta ló ti bá àwọn Müller pàdé? Ẹ wá sọ tiyín

Àdùkẹ́ Dortmund:
Ẹ kú ojúmọ́ o. Níbi iṣẹ́ wa, bí ẹnikẹ́ni bá ké "Herr Müller!" (Ọ̀gbẹ́ni Müller), ọkùnrin mẹ́rin ló máa ń yíjú padà. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá, ọ̀kan ń wa ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, àwọn méjì tó kù ń bá wa di ẹrù. Mo bi wọ́n bóyá ẹbí kan náà ni wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jámánì, Austria tàbí Switzerland, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọn ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá wọn gbélé, tẹ́ ẹ fẹ́ wọn, ẹ wá ròyìn. Báwo ni orúkọ kan ṣe pọ̀ tó báyìí?

BàbáÌbejì:
Adéyẹmí ńkọ́? Òun kò pọ̀?

Àlàbá Köln:
Lọ́dọ̀ tiwa o, Schmitz ni. Ẹ lọ wo orúkọ tó wà lára bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà ní Köln níbí, Schmitz á ti kí yín kẹ́ ẹ tó rí Müller.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Àdùkẹ́, Müller ni ẹni tó ń lọ ọkà. Àlìkámà, ọkà báálì, ohunkóhun tí wọ́n bá kó wá, òun ló ń sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Láyé ìgbà náà, bí abúlé kan bá ti ní odò, omi ló ń yí ọlọ ibẹ̀. Níbi tí odò kò bá sí, afẹ́fẹ́ ni. Orúkọ ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti bí ọ̀rúndún kejìlá, láwọn ìlú ńlá apá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn kí ó tó tàn ká. Bí Johann bá pọ̀ jù ní abúlé, wọ́n á ní "Johann tó ń lọ ọkà", kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹ, ọmọ ọmọ rẹ̀ náà jẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà ni ìyẹn ń rán. Gbogbo abúlé ló ní tirẹ̀, ẹnì kan kò sì bá ẹnì kejì tan. Ìdí tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi fi ọ́ rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Wo àwọn orúkọ tó pọ̀ jù lẹ́yìn rẹ̀. Schmidt, alágbẹ̀dẹ. Schneider, aránṣọ. Fischer, apẹja. Weber, ahunṣọ. Becker, oníbúrẹ́dì. Schulz, baálẹ̀. Iṣẹ́ àti ipò ni gbogbo wọn.

Ọmọ Onílù:
Ó jọ tiwa gan-an. Àyàn ni wá nílé, àmọ́ báńkì ni èmi ń bá ṣiṣẹ́, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé gángan kọ́ èjìká.

BàbáÌbejì:
Kò jọ ọ́ rárá. Àyàn kì í ṣe orúkọ iṣẹ́, òrìṣà ìlù ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ògún. Ẹni tó ń jẹ́ Ògúnbíyìí, ohun tí wọ́n ń bọ nílé rẹ̀ ló ń sọ. Ṣé Müller ń bọ ọlọ ni?

Ọmọ Onílù:
Ta ló ń bọ Ògún nígbà náà bí kò ṣe alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ àti jagunjagun? Iṣẹ́ àti òrìṣà, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

BàbáÌbejì:
Àwọn awakọ̀ ńkọ́?

Ṣadé ìyàwó Müller:
Ẹ fi Ògún sílẹ̀ ná, èmi ni Frau Müller (Ìyáàfin Müller) fúnra mi 😄 Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí mi. Nígbà tá a ṣègbéyàwó ní Standesamt, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń forúkọ ìgbéyàwó àti ọmọ sílẹ̀, mo gba orúkọ ọkọ mi, torí ó ti sú mi láti máa pe orúkọ bàbá mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún akọ̀wé. Bàbá mi bínú díẹ̀. Ìyá mi ní kò sí wàhálà, "Múlẹ̀" lòun á máa pè é, ọkọ ọmọ òun ti fìdí múlẹ̀ nílé àwọn. Títí di òní, Múlẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é bá a bá lọ sílé, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ sọ. Ọkọ mi rìnrìn àjò, èmi ni mo ń kọ íméèlì káàkiri láti wá ilé gbà. Mo kọ "S. Müller" sísàlẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dáhùn láti ibì kan pé kí n máa bọ̀ wá wo ilé. Mo débẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ilé han àwọn èèyàn wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọjú wo ẹ̀yìn mi. Ó ní òun ń dúró de Frau Müller. Mo ní èmi ni. Ó ní rárá, Frau Müller ló kọ̀wé sí òun. Mo ní, ọ̀gá, èmi ni mo kọ ọ́, ẹ wò ó lórí fóònù mi. Ó wò ó. Ó ṣí yàrá kan, kò ṣí ìyókù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n kọ̀wé pé ilé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ilé ọ̀hún ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí oṣù fi parí.

Kẹ́mi:
Yéè!

Táíwò Hamburg:
Ìwọ rẹ́ni dá ẹ lóhùn! Èmi tí mò ń jẹ́ Ògúnmọ́dẹdé, bí mo ṣe ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni wọ́n ń wọlé sínú kànga. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n máa ń kà á.

Ẹ̀gbọ́n Munich:
Ẹ má bínú, àmọ́ ilé ṣòro fún gbogbo èèyàn nílẹ̀ yìí. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ń tò lórí àtẹ̀gùn láti wo yàrá kan. Ṣé ó dá Ṣadé lójú pé nítorí àwọ̀ rẹ̀ ni?

Ṣadé ìyàwó Müller:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè. Mo dán an wò. Ilé mìíràn, mo fi orúkọ bàbá mi kọ̀wé síbẹ̀: iṣẹ́ mi kan náà, owó oṣù mi kan náà. Kẹ́kẹ́ pa. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo fi Müller kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀. Wọ́n ní ṣé mo lè wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ̀gbọ́n Munich:
Hmm.

Táíwò Hamburg:
"Hmm" nìkan lẹ rí sọ sí i?

Ìyáàfin B., Berlin:
Òfin wà o. AGG, òfin Jámánì tó lòdì sí ojúsàájú, ti ọdún 2006, ka ọ̀rọ̀ ilé gbígbà mọ́ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀yà ṣe ojúsàájú lé lórí. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí bíi ti Ṣadé, kó má pa íméèlì méjèèjì yẹn rẹ́. Kó sì tètè gbé e, torí oṣù méjì péré ni òfin fi sílẹ̀ láti kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ ẹni.

Kẹ́mi:
Ẹ bá mi wá Müller kan kí n fẹ́. Mi ò tilẹ̀ béèrè ọjọ́ orí.

BàbáÌbejì:
Ṣé nítorí yàrá àti pálọ̀ ni wàá ṣe sọ orúkọ baba rẹ nù?

Kẹ́mi:
Bàbá, ẹ ò tíì sun orí àga ilé ọ̀rẹ́ rí ni ẹ ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àlàbá Köln:
😂😂😂

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé orúkọ tí ẹ̀yin fi ń gba ilé lónìí, àbùkù ló kọ́kọ́ jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, àgbẹ̀ kò lè yan ẹni tó máa bá a lọ ọkà. Ìjòyè tó ni ilẹ̀ ló ń sọ ọlọ tí gbogbo yín gbọ́dọ̀ lò. Ẹni tó sì ń lọ ọ́ kì í sábà gba owó, díẹ̀ nínú ọkà yẹn ló ń bù. Ta ló rí i nígbà tó ń bù ú? Gbogbo ayé wá gbà pé olè ni wọ́n. Láwọn ibì kan, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kì í gba ọmọ wọn wọlé. Ó di ọdún 1548 kí òfin ìjọba Róòmù Mímọ́, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Jámánì nígbà náà, tó sọ pé kí wọ́n yé lé àwọn ọmọ ẹni tó ń lọ ọkà, ọmọ ahunṣọ, ọmọ darandaran, ọmọ afọnfèrè àti irú wọn dànù. Nígbà tó tún di 1577, wọ́n tún un sọ. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: àwọn èèyàn kò gbọ́.

Ìyá Elélùbọ́:
Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ ń sọ pé ìyá tó ní ẹ̀rọ ìlọta ládùúgbò wa, Müller ni?! Gbé ẹ̀wà kóńgò kan lọ, ohun tó máa bọ́ sínú abọ́ rẹ kò ní tó kóńgò. Ó ní "ó kù sínú ẹ̀rọ". Tó bá di alẹ́, ilé tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń se mọ́ín-mọ́ín láìra ẹ̀wà.

Kẹ́mi:
"Ó kù sínú ẹ̀rọ" 💀

Ọmọ Onílù:
Ìyá wa gan-an máa ń dúró ti ẹ̀rọ, wọ́n á fọwọ́ gbá ẹnu rẹ̀ títí èyí tó kẹ́yìn á fi jáde. Wọ́n á tún da omi sí i.

Ìyá Elélùbọ́:
Omi yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò bá da omi sí i, ọrẹ ló ṣe.

Táíwò Hamburg:
Olùkọ́, mélòó ni wọ́n gan-an? Ẹ fún wa ní iye.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Àwọn tó ń ṣèwádìí orúkọ ní Jámánì fi àkọsílẹ̀ tẹlifóònù ilé ti ọdún 2005 ṣiṣẹ́. Müller lé ní 250,000. Schmidt tẹ̀ lé e pẹ̀lú bí 190,000. Ní Switzerland náà, Müller ló wà lókè.

BàbáÌbejì:
Ẹ fi fóònù ka èèyàn? Èmi tí ilé mi ní èèyàn méje ńkọ́?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń jẹ́ ẹ fi pọ̀ ju iye fóònù lọ dáadáa. Ipò ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e ni fóònù wúlò fún.

Àlàbá Köln:
Màgòmágó ni ìyẹn. Schmidt, Schmitt, Schmitz, Schmid: alágbẹ̀dẹ ni gbogbo wọn. Ẹ pín wọn sọ́nà mẹ́rin, ẹ wá ní Müller ló gbé ife. Ẹ pa wọ́n pọ̀ ká wò.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Kí ìwọ náà jẹ́ ká ka Möller apá àríwá mọ́ Müller, àti Miller ti Bavaria ní gúúsù, àti Molitor àwọn tó sọ tiwọn di èdè Látìn. Ká tún fi Obermüller àti Steinmüller kún un.

Àlàbá Köln:
Obermüller ti jìnnà jù, ẹ má gbé ìyẹn wá.

Délé Pennsylvania:
Miller yẹn yé mi. Bàbá àgbàlagbà tó ń gbé nídojúkọ wa níbí, Miller ni wọ́n ń pè é. Ó mú mi lọ sí ibi ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òkúta àwọn bàbá ńlá rẹ̀ kọ Müller, ti àwọn ọmọ wọn wá kọ Miller. Ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín òkúta méjèèjì. Ó ní àwọn akọ̀wé Amẹ́ríkà ló ń kọ ohun tí etí wọn bá gbọ́.

Ìyáàfin B., Berlin:
Tiwa náà ńkọ́? Ẹ bi àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn ní kóòtù ìlú òyìnbó, ibo ni ṣ wà, ibo ni ẹ àti ọ wà?

Ṣadé ìyàwó Müller:
Ọ̀rọ̀ ü yẹn ti fẹ́ bà mí lọ́jọ́ jẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. Nínú pásípọ́ọ̀tù ọkọ mi, òkè kọ MÜLLER, àwọn ìlà méjì ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà kọ MUELLER. Èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo kọ MULLER. Ọmọbìnrin tó wà lórí káńtà ní èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀yin tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ máa wo ìlà ìsàlẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ dà á kọ bó ṣe wà.

Rónkẹ́ Stuttgart:
Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ńkọ́? Èmi kò gba orúkọ ọkọ mi, Müller lòun náà, èmi dúró sórí Ṣódipọ̀ tèmi. Nígbà tí a bí ọmọ wa, wọ́n ní ká mú ọ̀kan, a kò lè lo méjèèjì. A jà sí i títí. Müller ló gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Abẹ́òkúta ṣì ń ta mí létí ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Ìyáàfin B., Berlin:
Òfin ti yí padà láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2025. Ọmọ lè jẹ́ orúkọ bàbá àti ti ìyá pọ̀, pẹ̀lú ìlà láàárín tàbí láìsí ìlà. Tọkọtaya náà lè jùmọ̀ jẹ́ méjèèjì, èyí tí kò ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ bi Standesamt yín léèrè nípa ọmọ tí ẹ ti bí ṣáájú, má jẹ́ kó pẹ́.

Rónkẹ́ Stuttgart:
Ẹ ṣeun mà. Mo ti ń gbé bàtà.

BàbáÌbejì:
Müller Ṣódipọ̀. Ó dùn létí o.

Àdùkẹ́ Dortmund:
Ẹ gbọ́, Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó wà ní Òṣogbo nígbà kan, iṣẹ́ wo ni Beier?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Bayer náà ni, ẹni tó wá láti Bavaria. Bí àjèjì bá dé abúlé, ibi tó ti wá ni wọ́n fi ń pè é. Àmọ́ Beier fúnra rẹ̀, Pomerania lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n bí i sí.

Ọmọ Onílù:
Àti ìyàwó rẹ̀, Àdùnní Olóòrìṣà, ará Jámánì náà ni.

Ìyáàfin B., Berlin:
Rárá. Ará Austria ni Susanne Wenger, Graz ni wọ́n bí i sí.

Ọmọ Onílù:
Òṣogbo ni wọ́n bí i sí jàre, nígbà kejì.

Táíwò Hamburg:
Ẹ ti sọ gbogbo Müller tán láìdárúkọ Gerd agbábọ́ọ̀lù? Góòlù 68 nínú ìdíje 62 fún orílẹ̀-èdè rẹ̀! Ife àgbáyé 1974!

Délé Pennsylvania:
Thomas ni tèmi. Ife àgbáyé 2014, ẹ rántí ohun tí wọ́n fojú Brazil rí. Òun ló sì jẹ góòlù àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Táíwò Hamburg:
Thomas kò tíì gbá bọ́ọ̀lù bí Gerd rí, láyé. Góòlù 40 nínú sáà líìgì Jámánì kan, 1971 sí 1972. Ọdún 2021 ni Lewandowski tó kọjá rẹ̀, pẹ̀lú ẹyọ kan ṣoṣo.

Délé Pennsylvania:
Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn nígbà yẹn, ṣé wọ́n lè sáré?

Ìyá Elélùbọ́:
Ẹ̀yin ọkùnrin ti dé. Kẹ́mi, ṣé ẹnì kan ti fi Müller kankan hàn ẹ́?

Kẹ́mi:
Schmitz kan ló wà ní Köln, Àlàbá ló ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní ilé tirẹ̀.

Àlàbá Köln:
Ẹni ọdún 71 ni o. Mo ti sọ fún un.