Bí mo ṣe pàdé ewì Níyì Ọ̀ṣúndáre

Inú ìwé ìròyìn ni mo ti kọ́kọ́ mọ Níyì Ọ̀ṣúndáre, kí n tó mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá mi á ra Sunday Tribune, wọ́n á ṣí i síbi tí ewì wà. Láti 1985 ni akéwì yìí ti ń kọ ewì síbẹ̀: ìyà tálákà, ìwà àwọn tó ń ṣèjọba, ohun tí gbogbo ilé ń sọ. Bàbá mi á kà á sókè, wọ́n á máa fi Èkìtì túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà. Ìyá àgbà ò kàwé, àmọ́ wọ́n á máa mi orí, wọ́n á ní ọmọ onílù ló kọ èyí. Wọn ò purọ́! Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n sí ní 1947. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, onílù àti akọrin sì ni.

Ní yunifásítì, mo ṣí The Eye of the Earth, ìwé wọn tó gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth ní 1986, mo bá Olósùnta àti Orólè níbẹ̀, àwọn àpáta ìlú ìyá àgbà. Wọ́n kọ ọ́ sórí ewì ọ̀hún pé kí a máa lu ìlù àgbá sí i. A wá ìlù lọ, a lù ú ní kíláàsì. Àwọn tó ti ń ráhùn pé ewì le, àwọn gan-an ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbè.

Ẹni tó kàwé ní Ìbàdàn àti Leeds, tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Kánádà ní 1979, tó tún ṣe olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn! Bí òǹkọ̀wé ṣe ń lo èdè ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Mo gbà pé òun ló jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì wọn máa dún bí oríkì.

Ní 2005, omi ìjì Katrina ya wọ New Orleans, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni. Wákàtí 26 ni àwọn àti ìyàwó wọn fi há sí òkè àjà kí aládùúgbò kan tó yọ wọ́n. Ìwé àti ewì tí wọn ò tíì tẹ̀ bómi lọ. Ọkàn mi gbọgbẹ́ nígbà tí mo gbọ́. Ní 2011 ni City Without People, ìwé ewì wọn lórí ìjì náà, jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni mo kà á, ó wúwo.

Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ ní Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kíláàsì wọn ṣe máa ń rí?